Iliad, Odyssey àti Orin Ìyìn Homer: bí a ṣe ń pín ìlà wọn, àti ìdí tí èdè wọn fi rí bẹ́ẹ̀

Etígbọ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé. Iliad àti Odyssey ni ewì gígùn méjì ti Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n kà mọ́ Homer. Ẹni tó bá ti kọ́ gírámà Gíríìkì ti Áténì díẹ̀, tó wá ṣí Iliad, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó kọ́ kò bá ibẹ̀ mu. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo kó wá.

Báwo lèèyàn ṣe ń pín ìlà kan sí ẹsẹ̀ mẹ́fà láìmáa méfò? Kí ló dé tí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, "láti jẹ́", fi ní einai, emmenai, emenai, emmen àti emen lẹ́nu akéwì kan náà? Kí nìdí tí Achilles, akọni inú Iliad, fi ń jẹ́ "ẹlẹ́sẹ̀ yíyára" nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́? Nínú Orin Ìyìn 33 fún àwọn òrìṣà, tí wọ́n kà mọ́ Homer, èwo ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lẹ́tà tiwa kọ Gíríìkì náà, kí gbogbo èèyàn lè bá wa kà á. Kí ē, ō àti ā dúró fún fáwẹ̀lì gígùn.

Bàbá_Ìwọ̀n fèsì:

Etígbọ́, o káre. Jẹ́ ká mú ti ìwọ̀n ná, torí òun ló gbé àwọn tó kù dání.

Heksámítà ni wọ́n ń pe ìlà yìí. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìró tó dọ́gba ní ìparí ìlà náà kọ́. Ìwúwo sílébù ni. Ká pe sílébù wúwo ní W, ká pe èyí tó fúyẹ́ ní F. Ẹsẹ̀ kìíní títí dé ìkẹrin lè jẹ́ W F F, tí wọ́n ń pè ní dákítílì, tàbí W W, tí wọ́n ń pè ní sípọ́ńdì. Ẹsẹ̀ karùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ W F F nígbà gbogbo. Ẹsẹ̀ kẹfà ní sílébù méjì péré: W, lẹ́yìn náà èyí tó bá ṣáà wà níbẹ̀. Ìlà kan kò lè dín sí sílébù 12, kò sì lè ju 17 lọ. Bí o bá ka 18, ibi tí fáwẹ̀lì méjì ti pàdé ni kí o padà lọ wò, ibẹ̀ ni àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí.

Kí ló ń sọ sílébù di wúwo? Kí fáwẹ̀lì rẹ̀ gùn. Tàbí kó jẹ́ fáwẹ̀lì méjì tó so pọ̀ bí ai, ei, oi, au, eu, ou. Tàbí kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé fáwẹ̀lì kúkúrú. Lẹ́tà z, x àti ps, méjì-méjì la kà wọ́n sí. Ṣùgbọ́n kh, th àti ph, ẹyọ kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, h ní tirẹ̀ kò sì sí lára ohun tí à ń kà. Má fi ààlà ọ̀rọ̀ ṣe ìdíwọ́: bí ọ̀rọ̀ kan bá parí sí n, tí èyí tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú p, kọ́ńsónáǹtì méjì ti pé. Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí n, tí fáwẹ̀lì wá tẹ̀lé e, n yẹn ti bá ọ̀rọ̀ kejì lọ nìyẹn.

Láti ẹ̀yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Gé sílébù méjì tó gbẹ̀yìn: ẹsẹ̀ kẹfà. Gé mẹ́ta tó ṣáájú wọn: ẹsẹ̀ karùn-ún. Padà sí iwájú, kí o fi W sórí sílébù àkọ́kọ́, torí W ni gbogbo ẹsẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Sàmì sí gbogbo W tó dá ọ lójú láàárín. Níbi tí o bá ti rí F kan, F kejì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí F kì í dá dúró. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù kò ní nira mọ́.

Ìlà àkọ́kọ́ Iliad nìyí, níbi tí akéwì ti ní kí abo òrìṣà kọ ìbínú Achilles ọmọ Peleus lórin:

mēnin aeide theā Pēlēiadeō Akhilēos

mē-ni-na | ei-de-the | ā-Pē | lē-i-a | deō-a-khi | lē-os
W F F | W F F | W W | W F F | W F F | W W

Sílébù 16. Wo -deō dáadáa: fáwẹ̀lì méjì ni e àti ō, ṣùgbọ́n wọ́n fún wọn pọ̀ di sílébù kan. Wo Akhilēos náà: l kan ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Akhilleus pẹ̀lú l méjì la mọ̀. Bí l bá pé méjì, khil yóò di W, ẹsẹ̀ karùn-ún yóò sì di W F W, tí kò sí nínú ìlà yìí rárá. Ìyẹn ni wọ́n ṣe mú l kan kúrò. Odysseus, akọni inú Odyssey, náà rí bẹ́ẹ̀: s méjì níbi tí ìlà bá ti gbà á, s kan níbi tí kò bá ti gbà á.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tó ń kọ́ ọ máa ń fò dá: ibi ìsinmi. Ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ parí nínú ẹsẹ̀ kẹta, yálà lẹ́yìn W rẹ̀ (theā nínú ìlà òkè yìí) tàbí lẹ́yìn W F. Ìlà tí kò bá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì ṣọ̀wọ́n gan-an. Gottfried Hermann, ará Jámánì, tún ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kì í sábà parí lẹ́yìn F àkọ́kọ́ nínú ẹsẹ̀ kẹrin. Bí ìpín rẹ bá gbé òpin ọ̀rọ̀ síbẹ̀, tún un yẹ̀ wò kí o tó bọ́ sí ìlà mìíràn.

Etígbọ́ kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun, ó yé mi. Ibi méjì ló kọ̀ láti bá òfin yìí lọ. Ìlà àkọ́kọ́ Odyssey: andra moi ennepe Mousa polutropon hos mala polla. Oi so pọ̀, nítorí náà moi yẹ kó jẹ́ W. An-dra-moi wá di W F W. Èkejì ni ìlà keje Iliad: Atreidēs te anax andrōn. Wọ́n sáà máa ń gé e kúrò lára te bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀lé e. Kí ló dé tí wọn kò gé e níbí?

Bàbá_Ìwọ̀n fèsì:

Moi kọ́kọ́. Bí fáwẹ̀lì gígùn tàbí fáwẹ̀lì tó so pọ̀ bá parí ọ̀rọ̀, tí fáwẹ̀lì mìíràn sì ṣí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e, ó máa ń fúyẹ́ bí ibi tó bọ́ sí bá jẹ́ ibi F. Moi wà níwájú ennepe, nítorí náà F ni.

an-dra-moi | en-ne-pe | Mou-sa-po | lut-ro-po | nhos-ma-la | pol-la

Dákítílì márùn-ún ló tò tẹ̀léra, sílébù 17, ìlà náà kún dé ẹnu. Ibi ìsinmi rẹ̀ wà lẹ́yìn Mousa, ìyẹn lẹ́yìn W F ẹsẹ̀ kẹta. Lut di W torí t àti r tẹ̀lé u. Bí ọ̀rọ̀ t, p, k tàbí d pẹ̀lú r tàbí l ṣe sábà máa ń rí nínú Homer nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan lè fojú fò ó.

Fáwẹ̀lì gígùn tó bá bọ́ sí ibi W kì í fúyẹ́ ní dandan. Wo -deō ṣáájú Akhilēos lókè: fáwẹ̀lì ló tẹ̀lé e, síbẹ̀ W ló jẹ́, torí òun ló ṣí ẹsẹ̀ karùn-ún.

Ti te anax, ọwọ́ Ìyá_Ẹ̀ka-Èdè ló wà.

Ìyá_Ẹ̀ka-Èdè fèsì:

Mo ti dé. Anax, ọba, ní w níwájú nígbà kan rí: wanax. Lórí wàláà amọ̀ tí wọ́n hú ní Pylos àti ní Knossos, tí wọ́n fi Linear B, ọ̀nà ìkọ̀wé Gíríìkì tó ṣáájú ábídí, kọ, tí Michael Ventris sì rí ojútùú rẹ̀ ní 1952, wa-na-ka ló wà níbẹ̀. Nígbà tí orin wọ̀nyí fi dé ẹnu àwọn ará Ionia, àwọn Gíríìkì etí òkun Tọ́kì òde òní, w ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n jogún ti mọ́ w náà lára. Te wanax ni ìlà yẹn, e kò sì pàdé fáwẹ̀lì kankan. Richard Bentley ti fi èyí hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó ka wàláà kan.

Kọ́ àwọn tó máa ń wọ́pọ̀ sórí: wanax, wepos (ọ̀rọ̀), wergon (iṣẹ́), woinos (wáìnì), woikos (ilé), widein (láti rí). Epi oinopa ponton, "lórí òkun aláwọ̀ wáìnì", tí o máa pàdé léraléra, i inú epi kò kúrò níbẹ̀ torí woinopa ni. Ṣùgbọ́n má ṣe dá w padà sí gbogbo ibi. Ìlà pọ̀ tó ṣe bí ẹni pé w kò sí níbẹ̀ rí, àwọn tó sì fi agbára tì í wọ inú wọn ba ìwé jẹ́ ni.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ kejì ti wà nínú èyí. Èdè Homer kì í ṣe èdè ìlú kankan. Kò sí ìyálọ́jà kan ní Miletus tàbí ní Lesbos tó ń sọ ọ́. Ionia ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ará Aeolia, àwọn Gíríìkì tó wà ní àríwá wọn, wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti gbó ju méjèèjì lọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Akọrin kì í ju ohun tó bá ṣì wúlò fún ìlà nù. Yẹ "láti jẹ́" wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

einai jẹ́ W W, ti Ionia ni.
emmenai jẹ́ W F F, fáwẹ̀lì ló sì máa ń tẹ̀lé e.
emenai jẹ́ F F W.
emmen jẹ́ W F ṣáájú fáwẹ̀lì, W W ṣáájú kọ́ńsónáǹtì.
emen jẹ́ F F ṣáájú fáwẹ̀lì, F W ṣáájú kọ́ńsónáǹtì.

Àwọn tó ní m láàárín yẹn, ọwọ́ Aeolia ni wọ́n ti wá. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣejù. Àyè tó bá ṣí nínú ìlà ló ń sọ èyí tí yóò wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "ti ogun": polemou (F F W) àti polemoio (F F W F). Ìparí -oio yẹn ti pẹ́ débi pé ó wà lórí wàláà Linear B, wọ́n kọ ọ́ ní -o-jo. O tún lè rí ptolemoio. Kí ni p àti t méjì ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń sọ fáwẹ̀lì kúkúrú tó ṣáájú wọn di W ni. "Pẹ̀lú ẹsẹ̀" ní posi (F F), possi (W F) àti podessi (F W F). "Ó lọ" lè jẹ́ ebē tàbí bē lásán, torí e tí Áténì ń fi síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ìgbà tó ti kọjá kò pọn dandan níbí.

Nígbà mìíràn, wọ́n á fi ipá na sílébù kan. Athanatos, ẹni tí kì í kú, F mẹ́ta ló ṣíwájú rẹ̀, kò sì sí ẹsẹ̀ tó lè gba F mẹ́ta. Wọ́n sọ a àkọ́kọ́ di gígùn, ó di W F F, ọ̀rọ̀ tí a kò lè ṣe aláìlò nínú orin tó kún fún òrìṣà sì wọlé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bí Aeolia ṣe wọ inú rẹ̀. Àwọn kan ní orin náà ti gba ọwọ́ àwọn ará Aeolia kọjá pátápátá kó tó dé Ionia. Àwọn mìíràn ní aládùúgbò ni wọ́n, wọ́n ń gbọ́ orin ara wọn, wọ́n sì ń yá ọ̀rọ̀ lò. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́, torí pé níbi tí ọ̀rọ̀ Ionia bá ti bá ìwọ̀n mu, òun ni wọ́n sábà máa ń lò. Ti Aeolia a máa dúró níbi tí ti Ionia kò bá ti lè rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn jọ ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí nǹkan ti yí.

Ajíkéwì fèsì:

Mo gba "ẹlẹ́sẹ̀ yíyára". Ibi tí Etígbọ́ ń sọ ni Iliad, ìwé kìíní, ìlà 488 àti 489. Achilles jókòó ti ọkọ̀ ojú omi ní ìbínú, kò lọ sí ìpàdé, kò lọ sójú ogun. Akéwì sì pè é ní podas ōkus Akhilleus. Ọkọ̀ tó jókòó tì gan-an, "ayára-rìn" ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ ló wà.

Milman Parry, ará Amẹ́ríkà, ló tú u palẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí tó kọ ní Paris ní 1928. Akhilleus àti Odusseus ní ìwọ̀n kan náà: F W W. Wo ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn ní ìparí ìlà:

Bí ẹsẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn nìkan ló ṣófo: dios Akhilleus, dios Odusseus.
Bí àyè bá ṣí lẹ́yìn W ẹsẹ̀ kẹrin: podas ōkus Akhilleus, polumētis Odusseus.
Bí àyè bá ṣí lẹ́yìn W F ẹsẹ̀ kẹta: podarkēs dios Akhilleus, polutlas dios Odusseus.

Àyè mẹ́ta, gbólóhùn mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní fọ́múlà nìyí. Ìdajì àkọ́kọ́ ìlà náà ní tirẹ̀: ton d' apameibomenos prosephē, "ó dá a lóhùn, ó ní". Ó parí sórí W ẹsẹ̀ kẹrin géérégé. So ó mọ́ podas ōkus Akhilleus, ìlà pé. So ó mọ́ polumētis Odusseus, ìlà pé. Kreiōn Agamemnōn, nephelēgereta Zeus, gbogbo wọn ló wọlé síbẹ̀. Ẹni tó ń kọrin lójú àwùjọ, tí kò ní ìwé lọ́wọ́, kò ní àkókò láti máa ṣírò sílébù. Ìlà yóò ti kún kó tó mí.

Parry kò fi mọ sórí ìwé. Láàárín 1933 sí 1935, òun àti Albert Lord lọ sí Yugoslavia, wọ́n gba ohùn àwọn akọrin tó ń fi gusle olókùn kan kọ orin ogun sílẹ̀. Avdo Međedović, tí kò mọ̀wé, ka orin kan fún wọn ní 1935 tó ju ìlà 12,000 lọ. Odyssey fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 12,100 lọ. Iliad ló tó 15,693. Ìlà ti Yugoslavia rọrùn ju ti Homer lọ, sílébù 10 péré ni, nítorí náà fọ́múlà tiwọn kò ní láti dí bíi ti Gíríìkì.

Ọmọ_Ìjálá fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Ajíkéwì, mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìwọ̀n nìkan ni. Àwa tí a gbọ́ oríkì dàgbà mọ̀ pé ẹni tí à ń kì kò ní láti máa ṣe ohun tí oríkì rẹ̀ wí lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ológun tó ń sùn ṣì ni ọmọ ológun. Kí ló fi hàn pé podas ōkus kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kó sì jẹ́ ohun tí wọ́n fi dí ihò lásán?

Ajíkéwì fèsì:

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò sì lè sọ pé ó dí ihò lásán. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé asunrárà tàbí oníjàálá lè to oríkì mẹ́wàá léra fún ẹnì kan, kó fi ohùn àti èémí tò wọ́n, kò sí iye ìwúwo sílébù tó dè é. Akọrin Homer kò ní àyè yẹn. Fún àyè kan, fún ẹnì kan, gbólóhùn kan ló sábà máa ń wà, Parry sì fi ìyẹn hàn kárí gbogbo àwọn ẹni ńlá inú ìwé méjèèjì. Ibi tí ẹ ti jàre ni pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dún nínú etí. Ó ń mú gbogbo Achilles wá síbẹ̀, ìgbà tó sáré àti ìgbà tí yóò sáré.

Ẹ wá wo ibi tí akéwì ti lo àjogúnbá yìí pẹ̀lú ọgbọ́n. Androphonos, "apànìyàn", Hector, akọni ìlú Troy tí Achilles yóò pa, ni wọ́n fi ń kì: Hektoros androphonoio. Nínú ìwé 18, ìlà 317, Patroclus ti kú, Achilles gbé ọwọ́ lé àyà òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ni wọ́n pè ní apànìyàn: kheiras androphonous. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé 23, ìlà 18, nígbà tó ń sunkún lé e lórí. Nígbà tí a fi máa dé ìwé 24, Priam bàbá Hector wọ àgọ́, ó kúnlẹ̀, ó fẹnu ko ọwọ́ yẹn (ìlà 478 àti 479): deinas androphonous, "adẹ́rùbani, apànìyàn, tó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀". Oríkì ọmọ rẹ̀ tó kú ti kọjá sórí ọwọ́ ẹni tó pa á, bàbá sì ń fẹnu kò ó. Kò sí ìwọ̀n kankan tó fi ipá mú akéwì ṣe ìyẹn. Níbi tí ẹ bá ti ń ka ìwé yìí, ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa.

Ibòmíràn wà tó le. Odyssey, ìwé kìíní, ìlà 29, Zeus rántí amumonos Aigisthoio, Aegisthus "aláìlẹ́bi", ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó tó sì pa ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti jà lórí èyí láti ayé àtijọ́. Mo kà á sí ibi tí fọ́múlà ti lágbára ju ìtumọ̀ lọ. Ìlà náà sì wúlò fún ẹni tó ń kọ́ ìwọ̀n: Ai-gis-thoi-o, ẹsẹ̀ karùn-ún rẹ̀ jẹ́ W W, ọ̀kan lára àwọn díẹ̀ tó yapa sí òfin Bàbá.

Olórin_Ìyìn fèsì:

Ẹ jẹ́ n dáhùn ti orin ìyìn. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti Apollo (ìlà 546) tàbí ti Hermes (580). Mú ìkeje, ti Dionysus: ìlà 59 péré, ìtàn kan tó pé. Àwọn ọlọ́ṣà ojú omi jí òrìṣà gbé, okùn kọ̀ láti dì í, àjàrà gun òpó ọkọ̀, òrìṣà di kìnnìún, wọ́n fò sómi, wọ́n di ẹja dọ́fíìnì, atukọ̀ tó kìlọ̀ fún wọn nìkan ló yè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn, fọ́múlà inú rẹ̀ sì ni o ti máa pàdé nínú Odyssey.

Apá mẹ́ta ni wọ́n máa ń ní. Akọrin á kọ́kọ́ dárúkọ òrìṣà: arkhom' aeidein, "mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin", tàbí mnēsomai, "èmi yóò rántí". Lẹ́yìn náà ni iyì rẹ̀ tàbí ìtàn rẹ̀, èyí tó lè jẹ́ ìlà mẹ́ta, tó sì lè jẹ́ irínwó. Ní ìparí, á kí i, khaire, á wá sọ pé autar egō kai seio kai allēs mnēsom' aoidēs: "èmi yóò rántí rẹ, èmi yóò sì rántí orin mìíràn". Ti Aphrodite tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé òun ń kọjá sí orin mìíràn. Ìjúbà ni wọ́n, wọ́n ń ṣí ọ̀nà fún orin ńlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Thucydides, òǹkọ̀tàn Gíríìkì, nígbà tó mú ìlà jáde nínú ti Apollo (ìwé kẹta, orí 104), orúkọ tó fún un ni prooimion, orin ìṣáájú.

Àwọn tó wá gùn yẹn, mo fẹ́ràn ti Hermes láàárín ìlà 41 sí 51, torí ó fi bí wọ́n ṣe kan dùùrù hàn láìfi nǹkan kan pamọ́. Hermes fi irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ ẹran inú ìjàpá kúrò. Ó gé esùsú ní ìwọ̀n, ó dè wọ́n kọjá nínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó na awọ màlúù lé e. Ó ki apá méjèèjì bọ̀ ọ́, ó fi igi ìdábùú so wọ́n, ó sì na okùn méje tí wọ́n fi ìfun àgùntàn ṣe. Bí ìlà ṣe tò ni iṣẹ́ ṣe tò.

Ti Demeter (495) ní ìṣòro tirẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo ló gbà á là, Christian Friedrich Matthaei ló rí i ní Moscow ní 1777, Leiden ló wà báyìí. Ewé kan ya nínú rẹ̀, nítorí náà láàárín ìlà 387 sí 404, ohun tí o máa rí nínú àkámọ́ jẹ́ àbá àwọn olóòtú. Má fi ibẹ̀ kọ́ ìwọ̀n.

Má sì kó wọn pọ̀ mọ́ Orin Ìyìn Orpheus, 87, tí wọ́n pẹ́ dé jù wọ́n lọ. Àwọn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtàn: orúkọ àti oríkì òrìṣà ni wọ́n to léra wọn, pẹ̀lú àkọlé tó ń sọ irú tùràrí tí a ó sun. Ọmọ_Ìjálá, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tó jọ bí a ṣe ń kì òrìṣà nílé.

Alámì-Ohùn fèsì:

Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ẹnu. Ẹnu Yorùbá ní ẹ̀bùn kan níbí, ó sì ní ewu méjì.

Ẹ̀bùn náà ni pé Gíríìkì àtijọ́ ní ohùn òkè gidi, kì í ṣe pé wọ́n ń fi ipá tẹ sílébù mọ́lẹ̀ bíi Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan, ibi gíga kan. Àmì tí wọ́n fi ń tọ́ka sí i, Aristophanes ará Byzantium tó ṣiṣẹ́ ní Alexandria ní nǹkan bí 200 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ tí à ń fi sórí Yorùbá, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, láti ọwọ́ Gíríìkì dé ọwọ́ àwọn akọ̀wé Yúróòpù, dé ọwọ́ àwọn tó kọ èdè wa sílẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwọ̀n bíi Gẹ̀ẹ́sì á tẹ gbogbo W, ohùn á sì pòórá. Àwa lè pa méjèèjì mọ́. Nínú aeide, ohùn òkè wà lórí a, bẹ́ẹ̀ F ni a. Ei tó tẹ̀lé e jẹ́ W, kò sì ní ohùn òkè. Ẹ gbé a sókè kúkúrú, ẹ wá fa ei gùn nísàlẹ̀.

Ewu kìíní: a kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kan ara wọn. Andra á di "áńdírà", sílébù mẹ́rin, ìlà sì ti fọ́ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ewu kejì: a kò ní kọ́ńsónáǹtì onílọ̀ọ́po. Ennepe á di "enepe", F F F, tí kò lè wọ ẹsẹ̀ kankan. Ẹ di n mú títí, kí ẹ tó tú u sílẹ̀ sórí e kejì: en, ne. Bẹ́ẹ̀ náà ni ll inú Akhilleus. Ẹ máa pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan lórí W tó ṣí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà lórí ìlà kan. Bí ó bá di méje, fáwẹ̀lì kan ti wọlé tí Homer kò pè.

Etígbọ́ kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìlà àkọ́kọ́ orin Demeter ni mo pín, "Demeter onírun dáradára, abo òrìṣà ọlọ́wọ̀, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lórin":

Dēmētr' ēukomon semnēn theon arkhom' aeidein

Dē-mē | trē-u-ko | mon-sem | nēn-the-o | nar-kho-ma | ei-dein
W W | W F F | W W | W F F | W F F | W W

Sílébù 15. Ibi ìsinmi wà lẹ́yìn ēukomon.

Bàbá_Ìwọ̀n fèsì:

Ó pé. Tr ti bá ē lọ torí wọ́n gé a ìparí Dēmētra kúrò níwájú fáwẹ̀lì, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí arkhomai tó di arkhom'. Fáwẹ̀lì e àti o inú theon kò so pọ̀ níbí, méjì ni wọ́n. Níbòmíràn, o máa rí i tí wọ́n fún wọn pọ̀ bíi -deō. Bọ́ sí ìlà kejì: autēn ēde thugatra tanusphuron. Ṣọ́ thugatra. T àti r wà láàárín rẹ̀. Pinnu bóyá wọ́n sọ ga di W kí o tó wo ìyókù.